Agbọ̀n Òjélabí

Ẹ sún wọlé díẹ̀ sí i, ẹ̀yin tí ẹ dúró létí òrùlé, omi ń ro sí yín lára. Òjò tó bá bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án báyìí kì í tètè dá. Èmi Ògúndìran ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ti sun igbó mọ́kànlélógún, tí ẹfọ̀n lé tí kò bá, tí àwọn iwin pàápàá máa ń yà fún lójú ọ̀nà. Súlè, má rẹ́rìn-ín. Tí o bá tún rẹ́rìn-ín, o ó padà sínú òjò. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti sá sábẹ́ òrùlé mi, ohun tó wà lẹ́nu mi lẹ ó gbọ́, ẹni tí kò bá sì fẹ́ gbọ́, ọ̀nà rèé.

Ìtàn tèmi kọ́ lónìí. Ìtàn Ọdẹ́jìnmí ni, ọ̀rẹ́ mi, ọdẹ bíi tèmi, tí a jọ gba ìbọn lọ́jọ́ kan náà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, ibi tí Súlè jókòó sí yẹn ló jókòó sí, ó sì gbà mí láyè kí n máa sọ ọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Mo ní kí n kọ́kọ́ fi ìyẹn lélẹ̀ ná. Tí ẹ bá gbọ́ ọ tán, ẹ ó mọ ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà náà, onídán kan wà tó ń jẹ́ Òjélabí. Kì í ṣe ará ìlú wa. Àgbà ọkùnrin ni, ó rí tín-ín-rín, agbọ̀n ńlá kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun ló máa ń gbé kiri. Inú igbó ló ti máa ń ṣe idán rẹ̀ dánra wò kó tó gbé e wọ ìlú. Ibẹ̀ ni Ọdẹ́jìnmí ti rí i lọ́jọ́ kan, tó ń ti ọmọkùnrin rẹ̀ tó ti dàgbà sínú agbọ̀n. Bàbá da aṣọ funfun bo agbọ̀n, ó yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń pọfọ̀, ó ká aṣọ kúrò. Ẹyẹlé kan fò jáde. Ẹyẹlé yìí rá bàbà lókè títí, bàbá wá gbójú sókè, ó ké pe orúkọ ara rẹ̀: "Òjélabí! Òjélabí! Òjélabí!" Ni ẹyẹlé bá já wálẹ̀, ó wọnú agbọ̀n, ọmọkùnrin náà sì dìde, ó ń gbọn eruku kúrò lára ṣòkòtò.

Ẹ mọ bí ọdẹ ṣe ń ṣọ́ ẹran. Ọdẹ́jìnmí gun igi lọ, ó jókòó. Kò wúkọ́, kò lé ẹ̀fọn. Ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko ló fi ń padà sórí igi náà, tó ń wo bàbá olóbàbá. Ó kọ́ ọfọ̀ náà sórí, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ. Ohun kan ṣoṣo ló fojú fò, orúkọ tí bàbá ń pè yẹn. Ó ní àṣejù àgbàlagbà ni, bàbá kàn ń ki ara rẹ̀ ni, onídán wo ni kì í ki ara rẹ̀? Tó bá kan òun, orúkọ tòun lòun máa pè.

Nígbà tó dé ilé, ó sọ fún Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀. Inú obìnrin yẹn kò dùn rárá.

"Ṣé o sọ̀kalẹ̀ lọ kí bàbá?" Àwẹ̀ró bi í.

"Kí ni mo fẹ́ kí i fún?"

"Kó lè mọ̀ pé o rí òun. Kó lè fún ọ láyè. Ọdẹ́jìnmí, iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn lo lọ kó yẹn o."

"Kí ni mo kó? Agbọ̀n rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ni mo fi wò. Ṣé wọ́n tún ń di ojú èèyàn ni?"

Àwẹ̀ró kọ ẹ̀yìn sí i, ó wọlé lọ.

Ọdẹ́jìnmí hun agbọ̀n tirẹ̀. Àkùkọ ló fi bẹ̀rẹ̀. Á ti àkùkọ sínú agbọ̀n, ẹyẹlé á jáde, á fò lọ pátápátá. Ta ló fẹ́ béèrè àkùkọ lọ́wọ́ onídán? A pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wá. Láàárín oṣù méjì, gbogbo agbègbè ti ń pe idán náà ní idán Ọdẹ́jìnmí. Èmi gan-an máa ń fi yangàn pé ọ̀rẹ́ mi ni.

Ìgbà náà ni Òjélabí wá gbé agbọ̀n rẹ̀ dé ìlú wa.

Ó tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀ lójúde ààfin, kò tíì ju ìlàjì ọfọ̀ lọ tí àwọn èèyàn fi figbe ta: "Olè! Idán Ọdẹ́jìnmí ló jí yẹn!" Bàbá kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rín ni wọ́n ń bá òun rín. Ó ń fi ọwọ́ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun parí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da iyẹ̀pẹ̀ sí i lára. Iyẹ̀pẹ̀ di òkúta. Bàbá gbé agbọ̀n rẹ̀ lérí, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí i lójú, ó gba ọ̀nà igbó lọ. Ọdẹ́jìnmí wà níbẹ̀. Ó dúró sẹ́yìn ògiri, ó wo gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀, kò la ẹnu.

Èmi náà wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọdún ọba kò. Ọba ránṣẹ́ pé àkùkọ ti sú òun, èèyàn lòun fẹ́ rí nínú agbọ̀n. Ọdẹ́jìnmí padà sílé, ó ń bẹ Àwẹ̀ró.

"Ṣé ó dá ọ lójú pé o mọ bí wọ́n ṣe ń padà?" ni ìbéèrè tí obìnrin náà bi í.

"Ṣebí mo rí i lójú ara mi? Ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá!"

Àwẹ̀ró ti gbé ẹ̀wà kaná. Ó dín iná rẹ̀ kù, ó ní kó yára kí ẹ̀wà má baà jóná, ó sì tẹ̀lé e.

Ìlú pé. Àwẹ̀ró wọ agbọ̀n, aṣọ bò ó, Ọdẹ́jìnmí yí i po, ó pọfọ̀. Aṣọ ká kúrò, ẹyẹlé kan tó ní ìlà dúdú lọ́rùn fò jáde. Ariwo sọ. Ọdẹ́jìnmí gbójú sókè, ó na ọwọ́: "Ọdẹ́jìnmí! Ọdẹ́jìnmí! Ọdẹ́jìnmí!" Ẹyẹlé yí agbo po bí ẹni tó ń wá ojúlùmọ̀. Ó tún pè é. Ẹyẹlé kò dá a lóhùn. Ó yí ìdí padà, ó gba òkè igbó lọ, a kò rí i mọ́.

Àwa ń pàtẹ́wọ́! A rò pé ibi tí idán parí sí nìyẹn, pé ìyàwó ti wà nílé. Ọdẹ́jìnmí náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń tẹrí ba fún ọba, àmọ́ ojú rẹ̀ ṣì wà ní òkè igbó. Ó sáré wọlé. Kò sí ẹnì kankan nílé. Ẹ̀wà ń hó jẹ́jẹ́ lórí iná. Ó jókòó ti ìkòkò yẹn títí ẹ̀wà fi gbẹ, tó fi jóná, tí òórùn rẹ̀ fi gba gbogbo ilé, kò lè nawọ́ sọ ọ́ kalẹ̀.

Kó tó di ọjọ́ kejì, ó ti gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó gba ọ̀nà igbó tí Òjélabí gbà. Igbó Olóhùn ni wọ́n ń pè é. Tí ẹ bá gbọ́ tí ẹnikẹ́ni sọ pé òun wọ igbó yẹn rí láìjẹ́ pé èmi tàbí Ọdẹ́jìnmí ni, irọ́ ló ń pa.

Ìlú tó kọ́kọ́ bọ́ sí ni Ṣebíèmi. Àwọn ará ibẹ̀ kò ní ojú tara wọn. Bí àlejò bá ti wọlé, gbogbo wọn á gbé ojú rẹ̀ wọ̀. Bí Ọdẹ́jìnmí ṣe gba ẹnubodè kọjá, ó rí ọgọ́rùn-ún Ọdẹ́jìnmí tí wọ́n gbé ìbọn kọ́ èjìká.

"Ẹ jọ̀ọ́, mò ń wá ìyàwó mi," ló sọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, mò ń wá ìyàwó mi," ni gbogbo wọn sọ, omijé sì bọ́ lójú wọn kó tó bọ́ lójú tirẹ̀.

"Èmi ni Ọdẹ́jìnmí!"

"Irọ́ lò ń pa, èmi ni Ọdẹ́jìnmí! Ó jí orúkọ mi! Ẹ mú olè!"

Wọ́n yí i ká. Bí ó bá ti sọ ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á gbà á lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á sì dàwátì lórí tirẹ̀. Ó wá orúkọ bàbá rẹ̀, kò rí i. Ó wá orúkọ ìyàwó rẹ̀, ìró àkọ́kọ́ nìkan ló kù. Ó ní tí òun bá tún fi lè lo ìṣẹ́jú díẹ̀ níbẹ̀, òun náà á di ẹni tí kò lójú. Kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ fi jábọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Olè ni mí! Mo jí idán Òjélabí, mo dúró sẹ́yìn ògiri nígbà tí wọ́n ń lù ú!"

Wọ́n wo ara wọn lójú. Kò sí ẹni tó fẹ́ gba ọ̀rọ̀ yẹn. Ojú Ọdẹ́jìnmí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń fà sẹ́yìn fún un bí ẹni tó gbé eérú gbígbóná dání. Ó rántí orúkọ Àwẹ̀ró. Ó ń pè é lẹ́nu títí ó fi jáde ní ìlú yẹn.

Ó dé ẹnu ọ̀nà àgbàlá kan. Iwin kan jókòó síbẹ̀ tí etí hù sí gbogbo ara rẹ̀, etí lápá, etí lẹ́sẹ̀, etí láàárín ìka. Ọdẹ́jìnmí fà sẹ́yìn díẹ̀. Èmi kì bá tí fà sẹ́yìn o, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi òun sílẹ̀.

"Kí lo mú dání," iwin béèrè, "tí kì í ṣe ti ẹlòmíràn?"

"Ìbọn mi rèé."

"Mo gbọ́ ohùn alágbẹ̀dẹ nínú rẹ̀. Kí lo mú dání?"

"Aṣọ mi."

"Mo gbọ́ ọwọ́ ẹni tó hun ún. Mo tún gbọ́ ìyá rẹ nínú orin tí ò ń kọ bọ̀ lọ́nà. Ẹ̀ẹ̀kan ló kù kí n béèrè. Tí o bá ṣì í, etí lo máa dà sí mi lára. Kí lo mú dání?"

Ọdẹ́jìnmí rí i pé àyè kékeré kan wà lápá òsì iwin náà tí etí kò tíì hù sí. Ó rántí Ṣebíèmi.

"Ohun tí mo ṣe fún bàbá yẹn," ló sọ. "Kò sí ẹni tó bá mi dá sí i. Tèmi nìkan ni."

Iwin dẹ gbogbo etí rẹ̀. "Tìrẹ ni lóòótọ́," ló ní, ó sì yà fún un.

Inú àgbàlá yẹn ni Òjélabí jókòó sí, ó ń hun agbọ̀n. Àpá kan wà lókè ìpéǹpéjú rẹ̀ òsì, ó gùn tó ìka àárín mi yìí. Ọdẹ́jìnmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò lè gbórí sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá. Ẹ dákun, ẹ foríjì mí."

"Ọdẹ orí igi," ni Òjélabí pè é. "Mo gbọ́ òórùn ẹran gbígbẹ lókè orí mi fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Mo rò pé lọ́la á sọ̀kalẹ̀, lọ́la á sọ̀kalẹ̀."

"Ẹ mọ̀ pé mo wà níbẹ̀?"

"Bí o bá sọ̀kalẹ̀ kí o kí mi, ǹ bá kọ́ ọ. Èèyàn mẹ́ta ni mo ti kọ́. Orúkọ mi nìkan ni mo ní kí wọ́n máa pè. Ṣé ó pọ̀ jù?"

"Kò pọ̀ jù, bàbá."

"O rò pé mò ń ki ara mi. Gbọ́, òmùgọ̀ èèyàn. Oṣù mẹ́ta ni mo fi mọ bí èèyàn ṣe ń lọ. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi wá bó ṣe ń padà. Ọdún mẹ́jọ! Ìyàwó mi ti kú kí n tó rí i. Ẹni tó ti ibẹ̀ bọ̀ kò mọ ọ̀nà ilé, àfi kó gbọ́ orúkọ ẹni tó la ọ̀nà náà. Ìwọ wá yọ ọ́ kúrò, o fi tìrẹ sí i. Ibo lo fẹ́ kó gbà?"

Ọdẹ́jìnmí bú sẹ́kún. Òjélabí fi ọwọ́ hàn án ibi tí ẹyẹlé ogójì bà sí. Ó ní kó mú ìyàwó rẹ̀, kó má sì ṣì í mú. Gbogbo wọn ló ní ìlà dúdú lọ́rùn. Wọ́n ń wò ó, wọ́n ń yí orí, àfi ẹyọ kan péré tó kọ ẹ̀yìn sí i.

"Ìyẹn ni ìyàwó mi," ni Ọdẹ́jìnmí wí.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí bàbá náà rẹ́rìn-ín nìyẹn. Àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́ lójú rẹ̀. Koríko gbígbẹ wà lẹ́nu ẹyẹlé náà.

"Ó ti ń kọ́ ìtẹ́," ni Òjélabí sọ. "Bó bá yé ẹyin, ó ti parí, ẹyẹ ló máa jẹ́ títí ayé. Gbé e padà síbi tó ti lọ. Ẹnu àwọn èèyàn yín lẹ fi gba idán mi, ẹnu wọn náà ni kí ẹ fi dá a padà. Gbogbo ẹnu tó wà níbẹ̀. Ìwọ nìkan kò tó."

"Bàbá, ẹ bá mi lọ."

Òjélabí fọwọ́ kan àpá ojú rẹ̀. "Ẹsẹ̀ mi kò ní tẹ ilẹ̀ yín mọ́ láéláé," ló sọ, ó sì padà sídìí agbọ̀n rẹ̀.

Ọ̀nà tí Ọdẹ́jìnmí fi ọjọ́ mẹ́ta rìn, ọjọ́ kan ló fi sá a padà. Ẹyẹlé wà láyà rẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Bó ṣe ń sáré ni ẹyẹlé náà ń já òwú aṣọ rẹ̀, ó ń kó o jọ, ó ń fi ṣe ìtẹ́ sí i lábẹ́ apá. "Àwẹ̀ró, má yé e. Dákun, má tíì yé e." Ó ń sọ ọ́ títí ohùn rẹ̀ fi há.

Nígbà tó dé ojúde ààfin, ó ké tantan, ìlú pé. Ó gbé ẹyẹlé sínú agbọ̀n. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wa, igi tó gùn, ọjọ́ mẹ́rìnlá, ẹ̀yìn ògiri. "Òjélabí ló ni idán yìí! Olè ni mí! Ẹ bá mi pe orúkọ rẹ̀!"

Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí a ṣe? A rẹ́rìn-ín. A ní ẹ wo Ọdẹ́jìnmí, ó tún ti gbé tuntun dé. A ń pàtẹ́wọ́, a ń kígbe: "Ọdẹ́jìnmí! Ọdẹ́jìnmí!" Bí a bá ti pè é, bẹ́ẹ̀ ni ẹyẹlé yẹn á túbọ̀ rọra jókòó sínú agbọ̀n, tó ń na ìyẹ́ sílẹ̀ bí adìyẹ tó fẹ́ sàba. Ọdẹ́jìnmí wólẹ̀, ó ń fi orí gbálẹ̀ fún wa, ó ń ní ká dákẹ́. Àwa ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá Àwẹ̀ró ló dìde. Ó tú gèlè rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀. "Ọmọ mi ló wà nínú agbọ̀n yẹn! Ẹ ò rí ojú ọkùnrin yìí ni?" Ó kọjú sí igbó. "Òjélabí o! Òjélabí, bàbá mi, da ọmọ mi padà fún mi!"

Ẹ̀rín tán. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pè é. Ọba pè é. Orúkọ náà ràn bí iná inú ẹ̀ẹ̀rùn. Agbọ̀n mì, orí Àwẹ̀ró yọ, èjìká yọ, ó dìde. Àmọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ kò yí padà. Ìyẹ́ ni, láti èjìká dé ìsàlẹ̀. Ọdẹ́jìnmí ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ó ku ẹnu kan," ló ń wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹnu ta ló kù?"

Ẹnu mi ni. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi wúwo. Mo fi fìlà bo ojú, mo sọ ọ́ sínú fìlà: "Òjélabí." Ìyẹ́ já bọ́ láti ara obìnrin náà, ọwọ́ rẹ̀ jáde, koríko gbígbẹ kan wà láàárín ìka rẹ̀.

Ọdẹ́jìnmí fẹ́ dì mọ́ ọn. Àwẹ̀ró fọwọ́ dá a dúró. Ó wò wá yíká, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ sì ni: "Ta ló la òkúta mọ́ bàbá yẹn lójú?"

Ó bi í lẹ́ẹ̀kejì. Iyẹ̀pẹ̀ ni gbogbo wọn dà, òkúta kékeré làwọn mìíràn jù, ti ojú yẹn ẹyọ kan ni. Mo fi ìka mi wọn àpá yẹn fún yín lẹ́ẹ̀kan, Ọdẹ́jìnmí kò sì sọ bó ṣe gùn tó fún mi rí. Mo mọ bí òkúta náà ṣe tóbi tó nítorí pé ó kún ọwọ́ mi. Mo tẹrí ba lọ́jọ́ náà, mo padà sílé, láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ ìtàn yìí, tí mo ti ń dúró níbi ìbéèrè Àwẹ̀ró, tí mo ń ní ó tán.

Òjò ti dá. Súlè, o ò rẹ́rìn-ín mọ́. Èmi Ògúndìran ni. Kí ẹ tó kúrò lábẹ́ òrùlé mi, ẹ dákun, ẹ bá mi pe orúkọ bàbá náà sókè, kí n lè gbé fìlà mi kúrò lójú pè é pẹ̀lú yín.